Àjàyí Crowther: Ọmọ Tí Ó Súnmọ́ Ohun Tí Ó Ń Bà Á Lẹ́rù

Ìwé tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí sọ ìtàn ọkùnrin kan tí ó ń jẹ́ Àjàyí. Àwọn mìíràn nínú yín ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ará ní Abẹ́òkúta tàbí ní Èkó. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ni ayé mọ̀ ọ́n sí.

Kì í ṣe nítorí oyè bíṣọ́ọ̀bù ni mo ṣe mú ìtàn rẹ̀ wá. Mùsùlùmí wà láàárín wa, onígbàgbọ́ wà, ẹni tí ó ń bọ òrìṣà bàbá rẹ̀ náà wà. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ wò ni ẹ̀rù. Kí ni ẹ̀rù ń ṣe sí ọmọ ènìyàn? Èwo nínú ẹ̀rù wa ni ó ní ìdí, èwo ni kò ní? Báwo ni a ṣe lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì? Àjàyí lè ràn wá lọ́wọ́ láti rò ó, nítorí pé ẹ̀rù bà á ju bí ó ti ba ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Ó sì kọ bí ó ti rí sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ọdún 1837, nígbà tí ó ti di olùkọ́. Kò fi ẹ̀rù rẹ̀ pamọ́. Ìdí nìyí tí a fi lè gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́.

Òṣoògùn ni wọ́n bí i sí ní nǹkan bí ọdún 1807, ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ní agbègbè Ìsẹ́yìn. Àfàlá ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé a kì í ṣàdéédé sọ ọmọ ní Àjàyí; ọmọ tí ó dojú bolẹ̀ nígbà tí a bí i ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Ní àkókò náà, ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ń dàrú. Ogun ń bí ogun, ìlú sì ń kó ìlú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, àwọn ìyá ń se oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́ ní Òṣoògùn. Ariwo ta pé ogun ti dé. Àjàyí kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ. Àwọn ọkùnrin jáde lọ sí ibi odi. Wọ́n jà fún wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, lẹ́yìn náà ọ̀tá wọlé. Bàbá Àjàyí sáré wá sí ilé láti sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé kí wọ́n máa sá. Ó yí padà sí ojú ìjà. Ọmọ náà kò tún fojú kàn án mọ́ láyé. Àfàlá pọn ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé ọdún kan, ó kó àwọn yòókù mọ́ra, wọ́n sì wọ inú igbó. Inú igbó náà ni ọwọ́ ti bà wọ́n. Wọ́n fi okùn sí wọn lọ́rùn, wọ́n so wọ́n pọ̀ bí ẹni ń so ewúrẹ́, wọ́n sì ń dà wọ́n lọ.

Èmi kò ní láti ṣe àlàyé èyí fún ọmọ Kétu. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ nínú ilé yín: bí ogun Dàhómì ṣe fọ́ Kétu ní ọdún 1886, bí wọ́n ṣe kó àwọn ènìyàn wa lọ sí Abomey, bí ìlú ṣe dahoro títí wọ́n fi tún un tẹ̀ dó ní ọdún 1894. Ìdílé tí kò ní ẹni tí ó bá ogun lọ kò pọ̀ ní ilẹ̀ yìí. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ka ti Òṣoògùn, kì í ṣe ìtàn àlejò ni ẹ ń kà.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Ta ni ó kó Òṣoògùn? Àjàyí sọ pé àwọn Mùsùlùmí ọmọ Ọ̀yọ́ wà nínú wọn, àwọn Fúlàní wà, àwọn ẹrú tí ó ti sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn náà wà. Ẹ gbọ́: ọmọ Ọ̀yọ́. Àwọn tí ó fi okùn sí i lọ́rùn ń sọ èdè ìyá rẹ̀. Bí wọ́n bá ń bú u, ó ń gbọ́. A máa ń rò pé ẹni tí a kò gbọ́ èdè rẹ̀ nìkan ni ó yẹ kí a bẹ̀rù. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo.

Wọ́n kó wọn lọ sí Ìsẹ́yìn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ní ọjọ́ kan náà wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì wọ́n ní ẹṣin náà kò tẹ́ àwọn lọ́rùn, wọ́n sì dá ọmọ padà bí ẹni dá ọjà padà. Ó tún bá ìyá rẹ̀ pàdé, wọ́n jọ wà fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, inú rẹ̀ dùn. Nígbà tí ó di ọjọ́ kan, wọ́n tún mú un lọ. Láti ọwọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹlòmíràn, láti ọjà dé ọjà, ó ń súnmọ́ etí òkun.

Bí ó ti ń lọ ni èdè ń yí padà. Nígbà tí ó fi máa dé Èkó, ó ka ibẹ̀ sí ibi kẹrin tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ti yàtọ̀ sí tirẹ̀. Bí èdè ilé rẹ̀ ti ń dínkù ní etí rẹ̀ ni ẹ̀rù ń pọ̀ sí i ní ọkàn rẹ̀. Ẹ̀rù tí ó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé kí wọ́n má tà á fún òyìnbó Potogí. Ẹ̀rù yìí wọ̀ ọ́ lára dé ibi pé lóru, lẹ́ẹ̀mélòó kan, ó gbèrò láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Àyà rẹ̀ kò gbà á, ó sì yè.

Kí ló dé tí òyìnbó fi bà á lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀? Kò tíì rí ọ̀kan rí. Ohun tí ó mọ̀ ni pé àwọn tí a tà fún wọn kì í padà. Kò sí ẹni tí ó ti lọ tí ó wá ròyìn. Ibi tí ìròyìn kò bá sì ti wá, ọkàn ènìyàn a máa ṣe ìròyìn fúnra rẹ̀, kì í sì í ṣe èyí tí ó dára. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní etí òkun wa, àwọn ènìyàn gbàgbọ́ pé ńṣe ni òyìnbó ń jẹ àwọn tí wọ́n rà. Ní òdìkejì òkun ẹ̀wẹ̀, ọ̀pọ̀ òyìnbó gbàgbọ́ pé àwa ni a ń jẹ ènìyàn. Ìhà méjèèjì ń bẹ̀rù ohun kan náà, ẹnikẹ́ni kò sì súnmọ́ ẹnìkejì láti wo inú ìkòkò rẹ̀.

Ní etí ọ̀sà, kí wọ́n tó wọ Èkó, Àjàyí rí omi tí kò rí irú rẹ̀ rí. Ọmọ ìgbẹ́ ni, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ní òkè yìí. Wọ́n ní kí ó fi ẹsẹ̀ wọ omi lọ bá ọkọ̀. Ó ń gbé ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni pé ìṣísẹ̀ tí ó kàn ni yóò gbé e mì. Ilẹ̀ ti ń ṣú, àwọn tí ó ni ọkọ̀ kò ní sùúrù, wọ́n gbé e sókè, wọ́n sì jù ú sáàárín àwọn àpò àgbàdo. Wọ́n fún un ní àbàlá kí ó jẹ. Ó di àbàlá náà mú ní ọwọ́, kò jẹ ẹ́, kò yí padà, bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ ni ó wà títí ọkọ̀ fi gúnlẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin òwúrọ̀. Ó rò pé ayé mìíràn ni àwọn ń lọ. Èkó ni wọ́n dé.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ọwọ́ òyìnbó kọ́kọ́ kàn án. Potogí kan yẹ ara rẹ̀ wò bí a ti ń yẹ ẹran wò ní ọjà, bóyá ara rẹ̀ le. Ọmọ náà gbọ̀n jìnnìjìnnì. Lẹ́yìn náà wọ́n ti òun àti ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ́ ilé, àgbà àti ọmọdé, ẹ̀wọ̀n kan ṣoṣo ní ọrùn gbogbo wọn. Bí àgbà bá fa ẹ̀wọ̀n náà, ọrùn ọmọdé ni ó ń jìyà rẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi Àjàyí ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Potogí kò ní jẹ ẹ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó fẹ́ tà á sí ibi tí kò ti ní rí ìyá rẹ̀ mọ́. Ọmọ náà ṣìnà nípa bí ibi náà yóò ṣe rí. Kò ṣìnà pé ibi ń bọ̀. Ẹni tí ó bá sọ fún un ní ọjọ́ náà pé kí ó má fòyà, ẹni náà purọ́ fún un. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé àwọn kan fẹ́ràn láti máa wí pé àìmọ̀kan ni gbogbo ẹ̀rù àwọn baba wa. Rárá o. Ẹ̀rù ni ó jẹ́ kí àwọn baba wa mọ odi, kí wọ́n sì ṣe ẹnubodè tí a ń pè ní Àkàbà Ìdènà ní Kétu. Ọ̀tá wà lóòótọ́.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, wọ́n kó Àjàyí pẹ̀lú àwọn yòókù sínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹni mẹ́tàdínláàádọ́wàá (187) ni wọ́n. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì méjì lé wọn bá. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de òwò ẹrú fún àwọn ènìyàn tirẹ̀ ní ọdún 1807, Potogí sì ti bá wọn ṣe àdéhùn ní ọdún 1815 pé àwọn kò ní ra ẹrú mọ́ ní apá àríwá ìlà tí ó pín ayé sí méjì. Èkó wà ní apá àríwá náà. Nítorí náà wọ́n gba àwọn ẹrú náà lọ́wọ́ Potogí láti lọ dá wọn sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún Àjàyí? Ohun tí òun rí ni pé àwọn òyìnbó mìíràn, tí idà gígùn wà lọ́wọ́ wọn, ti gba òun lọ́wọ́ òyìnbó ti àkọ́kọ́. Wọ́n mú òun àti àwọn ọmọ márùn-ún mìíràn gòkè sínú ọkọ̀ ogun tí ó ń jẹ́ Myrmidon. Ibẹ̀ ni ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa ti ṣẹlẹ̀.

Àwọn ọmọ mẹ́fà náà rí ẹran tí a so kọ́ nínú ọkọ̀. Awọ rẹ̀ funfun. Wọ́n tún rí àwọn nǹkan roboto, dúdú, tí a tò sílẹ̀ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Lójú kan náà, ọkàn wọn so méjèèjì pọ̀. Ẹran ènìyàn ni èyí tí a so kọ́. Orí àwọn tí a ti pa ni èyí tí a tò sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ti ń gbọ́ láti ilé ṣẹ lójú wọn.

Kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Ẹlòmíràn ì bá fò sí omi. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọn ì bá kú lórí ọkọ̀ tí ó wá gbà wọ́n. Àwọn ọmọ náà kò fò. Ẹ̀rù kò tíì lọ, ṣùgbọ́n wọ́n súnmọ́ ẹran náà, wọ́n wò ó kínníkínní. Wọ́n rí pátákò ní ẹsẹ̀ rẹ̀, pátákò tí ó là sí méjì. Ènìyàn wo ni ó ní pátákò? Ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ohun tí ó tàn wọ́n jẹ ni awọ funfun náà, nítorí pé ní ilé, iná ni a fi ń wi irun ẹlẹ́dẹ̀, awọ rẹ̀ a sì dúdú. Lẹ́yìn èyí wọ́n rọra yọ́ lọ síbi àwọn nǹkan roboto. Irin ni. Ọta àgbá tí wọ́n fi ń jagun ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ibẹ̀ kà lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí ẹni tí ó bá wọn ní èdè wọn. Kò sí olùkọ́, kò sí àgbà. Ìmọ̀ tí wọ́n mú láti oko baba wọn, pé ẹlẹ́dẹ̀ ní pátákò tí ó là, òun ni wọ́n fi tú ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí kò bá mọ ẹlẹ́dẹ̀ ní ilé kì bá tí dá a mọ̀ lórí òkun. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn tí ó bá wí ní kíláàsì pé àwọn kò mọ nǹkan kan. Àgbẹ̀ tí ó mọ ilẹ̀ iṣu yàtọ̀ sí ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ ti mọ bí a ti ń wo nǹkan; lẹ́tà ni ó kù kí ó wò.

Ẹ tún wo ohun tí ó tẹ̀ lé e. Wọ́n mú Potogí tí ó rà wọ́n wá sínú ọkọ̀ kan náà, òun àti ọmọ rẹ̀, ẹ̀wọ̀n wà lára wọn. Nígbà tí Àjàyí rí i pé ọkùnrin náà kò tún lè mú òun mọ́, ó súnmọ́ ọn, ó sì gbá a ní orí níṣojú ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ó dàgbà, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìwà ìkà ni òun hù. Èmi ní tèmi, n kò lè dá ọmọ náà lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí a rí ohun kan nínú ènìyàn: bí ẹ̀rù bá ti kúrò, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wọlé kì í ṣe òye, ìbínú ni, ó sì máa ń fẹ́ lu ẹni tí a ti dè.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 1822, wọ́n gúnlẹ̀ ní ilẹ̀ Sàró. Wọ́n fi í sí iléèwé. Wọ́n ní lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́, ó tọrọ owó kékeré lọ́wọ́ ará ilẹ̀ rẹ̀ kan láti fi ra káàdì tí a tẹ lẹ́tà sí, kí ó lè máa kà á nìkan. Láàárín oṣù mẹ́fà ó ti ń kàwé. Wọ́n rì í bọmi ní ọdún 1825, ibẹ̀ ni ó ti gba orúkọ Samuel Crowther, tí í ṣe orúkọ àlùfáà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1827, nígbà tí a dá iléèwé gíga Fourah Bay sílẹ̀, ó wà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́. Ó fẹ́ Asano, ọmọbìnrin tí wọ́n gbà kúrò lóko ẹrú bíi tirẹ̀. Ó ṣe olùkọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1843 ó di àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1844 ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Títí di ìgbà náà, Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń wàásù. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ Yorùbá tí a gbà kúrò lọ́wọ́ ẹrú wà ní Freetown. Wọ́n ń jókòó, wọ́n ń gbọ́ díẹ̀, wọn kò gbọ́ púpọ̀. Ó wá pinnu láti fi èdè Yorùbá bá wọn sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Èrò kún ibẹ̀. Ọkùnrin tí ó ti bá àwọn ọlọ́lá Gẹ̀ẹ́sì jókòó, tí ó ti wàásù fún òyìnbó, dìde láti sọ èdè ìyá rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ń wúwo. Ó kọ ọ́ pé ó dàbí ẹni pé ọmọ ọwọ́ ni òun, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbàdúrà, àwọn ènìyàn náà dá a lóhùn pẹ̀lú kí ó ṣẹ, bí a ti ń ṣe ní ilé.

Ẹ̀yin tí ọwọ́ yín ń gbọ̀n bí ẹ bá di gègé mú, ṣé ẹ gbọ́? Mo mọ àgbẹ̀ kan tí ń fi ọ̀pá pa paramọ́lẹ̀ ní oko rẹ̀, tí òógùn ń bò bí a bá pè é sí pátákó. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Láti ìgbà náà ni Àjàyí ti di akọ̀wé èdè wa. Ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá tí ó kọ ti jáde ní 1843; èyí tí ó tóbi jù ú lọ, pẹ̀lú gírámà, jáde ní 1852. Kò jókòó sí ilé hun ọ̀rọ̀. Ó ń tọ àwọn àgbà lọ, ó ń gbọ́ bí wọ́n ti ń pa òwe, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣí ìwé náà yóò rí òwe púpọ̀ nínú rẹ̀. Òun àti àwọn yòókù ni ó ṣe atọ́nà Bíbélì èdè Yorùbá, iṣẹ́ tí ó gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1875 ó ṣe alága ìpàdé kan ní Èkó, níbi tí wọ́n ti fẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Àmì kékeré tí ẹ ń rí lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ nínú ìwé yìí wà lára ohun tí a jogún láti ayé wọn. (Ẹ ti rí ɛ àti ɔ nínú àwọn ìwé mìíràn ní ilẹ̀ Bénin wa. Ẹ má jẹ́ kí ó dà yín láàmú. Ohùn kan náà ni, aṣọ ni ó yàtọ̀.)

Ní 1846, Àjàyí ti wà ní Abẹ́òkúta. Ìròyìn kàn án pé ìyá òun kò tíì kú, pé ó wà ní ìlú kan tí kò jìnnà. Ó ránṣẹ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ, Àfàlá wọlé dé. Ọdún márùn-úndínlọ́gbọ̀n (25) ti kọjá. Ìyá náà ti gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ wà láàyè, kò gbà á gbọ́. Nígbà tí ó rí i, wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn láìsọ̀rọ̀. Omijé ń ṣàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá tí ó ti gbẹ. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nínú ọwọ́ ọmọ. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí pè é ní àwọn orúkọ tí ìyá àgbà máa ń pè é nígbà èwe, ìyá àgbà tí ó ti kú sí oko ẹrú. Ọkùnrin tí ó ń kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ láti Sàró dé Abẹ́òkúta kò rí púpọ̀ sọ ní ọjọ́ náà. Wọ́n jókòó. Wọ́n ń wo ara wọn.

Àwọn arábìnrin rẹ̀ méjèèjì tí a jọ mú ní Òṣoògùn náà wà láàyè.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1853, Àjàyí wá sí Kétu wa. Láti Abẹ́òkúta ni ó ti wá. Ẹ rò ó wò: ọdún méjì péré ṣáájú, ní oṣù kẹta 1851, ogun Dàhómì ti wá kọlu Abẹ́òkúta, wọ́n sì lé wọn padà. Kétu wà láàárín ìhà méjèèjì. Ẹni tí ó bá ti Abẹ́òkúta wá lè jẹ́ ọ̀rẹ́, ó sì lè jẹ́ amí. Aláké­tu gbà á lálejò, àwọn ará ìlú sì jáde láti wò ó. Kò nílò ògbufọ̀. Ọ̀yọ́ rẹ̀ àti Kétu wa yàtọ̀ díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń gbọ́ ọ lórí rédíò, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ni wọ́n. Iṣẹ́ ìjọ tí ó fẹ́ dá sílẹ̀ kò fìdí múlẹ̀ nígbà náà, ogun kò jẹ́.

Ní 1864 wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba irú oyè bẹ́ẹ̀ nínú ìjọ Áńgílíkà. Wọ́n fi iṣẹ́ ìjọ ní odò Ọya sí abẹ́ rẹ̀, ọmọ Áfíríkà sì ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Níbẹ̀ ó ń bá àwọn ọba Mùsùlùmí pàdé. Ẹ rántí ẹni tí ó so okùn mọ́ ọn lọ́rùn. Kò fi ti ìyẹn bá wọn jà. Ó ń jókòó tì wọ́n, ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ, ó sì ń fún àwọn kan nínú wọn ní ìwé mímọ́ tí a kọ ní èdè Lárúbáwá tí wọ́n mọ̀ ọ́n kà. Kì í ṣe pé ewu ti tán. Ní 1867 ìjòyè kan tí ó ń jẹ́ Abokko mú un mọ́lẹ̀ ní etí odò Ọya, ó ń béèrè owó. Òyìnbó kan, Fell, wá gbà á sílẹ̀. Ọfà bá Fell, ó sì kú.

Ìparí ayé rẹ̀ korò. Àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó dé sí odò Ọya láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òótọ́ ni pé díẹ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ Àjàyí ti hùwà tí kò tọ́. Bíṣọ́ọ̀bù ti dàgbà, agbègbè náà sì tóbi ju ohun tí ẹnì kan lè máa bójú tó lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ náà kò dúró pẹ́ kí wọ́n tó dájọ́. Ní ìpàdé kan ní Onitsha ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró níṣojú bàbá àgbà ẹni ọgọ́rin ọdún, bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ọmọ bíbí inú rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n dá dúró. Ó fi ìpàdé náà sílẹ̀. Àwọn ọmọ mẹ́fà tí wọn kò mọ̀wé, tí wọ́n ti ro pé a fẹ́ pa wọ́n jẹ, ní sùúrù láti wo pátákò. Àwọn tí wọ́n jáde ní yunifásítì kò ní in.

Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ó sì lé ní àádọ́ta ọdún kí wọ́n tó tún fi ìjọ kan ní ilẹ̀ Nàìjíríà sí abẹ́ bíṣọ́ọ̀bù tí í ṣe ọmọ Áfíríkà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe fún un. Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, nígbà tí ó pé àádọ́jọ (150) ọdún tí ó ti jẹ bíṣọ́ọ̀bù, olórí ìjọ Áńgílíkà dìde ní Canterbury, ó sì tọrọ àforíjì ní gbangba nítorí ohun tí wọ́n ṣe sí i. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà ní ọjọ́ yẹn, wọ́n sì gbọ́ ọ.